Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kòkòrò Amùjẹ̀ Lára Òjòlá Inú Ilé

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gúúsù London ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń sin òjòlá kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python nítorí pé ó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Tipátipá ni mo fi gbà fún un, torí pé nílé bàbá mi, ejò tó bá wọlé, igi la fi ń kí i. Láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí ni òjòlá náà ti ń sùn nínú abọ́ omi rẹ̀ tọ̀sán tòru, kò sì jẹ eku tí a fún un. Nígbà tí mo da omi náà nù, mo rí àwọn nǹkan dúdú wínníwínní nísàlẹ̀ abọ́, àfi bí ìyere lílọ̀. Ọmọ ní ìdọ̀tí ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó máa ń bá a gbé ejò sì ti ń họ ọrùn ọwọ́ kiri. Kí ni ká ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, London.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí ẹ rí nísàlẹ̀ abọ́ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Kòkòrò amùjẹ̀ ni, omi ló sì pa á tí ó fi dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ lè rí i. Ophionyssus natricis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ sábẹ́ adìyẹ tó ń sàba rí, tí nǹkan tíntìntín kan sì rìn gun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá kó tó fura, ti bá ìbátan rẹ̀ pàdé. Èyí tó dàgbà nínú wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ó sì máa ń dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún eégbọn. Eégbọn tóbi jù ú lọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú kan náà ló sì máa ń lẹ̀ mọ́ lábẹ́ ìpẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Òjòlá tí wọ́n mú nínú igbó wá ni ó sábà máa ń ní in. Èyí tí ẹ ń bá jà yìí ń rìn kiri ni.

Kí ẹ má bàa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ní alẹ́ òní, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ tẹ́ sínú àpótí ejò náà kúrò, kí ẹ sì tẹ́ tíṣù funfun dípò rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ rí àmì dúdú tó ń rìn lórí rẹ̀, ẹ fi tíṣù mìíràn tí ẹ ti rẹ sómi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí ó bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ òjòlá yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ gbé ejò náà sínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tí awọ ti ní ojú ìlà kan gbọọrọ, àti àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létí ètè rẹ̀ òkè. Ojú ni kí ẹ wò pẹ́ jù. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Ìpẹ́ kan ṣoṣo tó mọ́ gaara bíi díńgí ló bo ẹyinjú rẹ̀, àárín etí ìpẹ́ yìí àti awọ tó yí i ká ni kòkòrò náà fẹ́ràn láti há sí, débi pé etí ojú ejò a máa wú díẹ̀. Bí ẹ bá sì rí nǹkan funfun bí eérú kín-ń-kín lórí ìpẹ́ rẹ̀, ìgbẹ́ wọn ni.

Mo ní láti fi kún un pé ejò tó fẹ́ bọ́ awọ náà a máa wọ omi, èyí tí àpótí rẹ̀ gbóná jù a sì máa wọ omi pẹ̀lú, nítorí náà omi nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n omi, àìjẹun, àti ìyere nísàlẹ̀ abọ́ papọ̀ kò fi iyèméjì sílẹ̀. Òjòlá yín ń gbìyànjú láti ri wọ́n sómi ni. Ohun tí kò lè ṣe ni láti ri orí rẹ̀ bọ omi títí lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo èyí tó bá yè bọ́ máa ń sá gùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ogun yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ara ejò ni kòkòrò yìí ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ilé rẹ̀. Bíi ti ìdun ni: orí ibùsùn ló ti ń rí ọ, inú ògiri ló ń gbé. Abo tó bá ti yó a sọ̀ kalẹ̀, a wá ibi tó ṣókùnkùn tó sì lọ́rinrin, ì báà ṣe abẹ́ èèpo igi tàbí ojú ìsopọ̀ àpótí, a sì yé síbẹ̀. Ó lè yé tó 60 sí 80 ẹyin kí ó tó kú. Joseph Camin, ará Amẹ́ríkà tó tẹ ìwádìí jáde lórí ìgbésí ayé kòkòrò yìí ní ọdún 1953, fi hàn pé ní ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C, nǹkan bí ọjọ́ 13 sí 19 ni ó ń gbà kí ẹyin tó di àgbà. Àpótí òjòlá sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ń mú kí ó yára sí i. Nítorí náà, ẹni tó wẹ ejò rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí kò rí kòkòrò kankan mọ́ lọ́jọ́ Ajé, tí ó sì pa ìtọ́jú tì, ẹyin ló kù tí kò rí. Ní igbó Benin, Togo àti Ghana tí irú òjòlá yìí ti wá, inú ihò eku àti òkìtì ọ̀gán ló ń sùn, ó sì lè fi ihò tó bá kún fún kòkòrò sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ti inú àpótí kò ríbi lọ.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi 28 sí 30°C, sínú ike tó ní ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí omi náà má ga ju kí ejò lè gbé orí sókè ní ìrọ̀rùn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹnì kan sì jókòó tì í ní gbogbo àkókò náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òwú tí ẹ tọ́ òróró ólífì díẹ̀ sí nu abẹ́ àgbọ̀n àti etí ojú rẹ̀. Ẹ má fi òróró kun gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni ń fi àdí pa ọmọ tuntun, torí pé ìdọ̀tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní pa ẹyin kan tó wà nílẹ̀. Ní àkókò tí ejò wà nínú omi yìí ni kí ọmọ tọ́jú àpótí. Èèpo igi àti ohun gbogbo tó ní ihò kékeré, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, kí ẹ sì gbé e jáde kúrò nílé lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí ó dúró ní ilé ìdáná di ọjọ́ tí akólẹ̀ yóò dé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó gbóná ju 50°C lọ fọ àpótí náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo igun rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì tẹ́ tíṣù funfun nìkan síbẹ̀. Tíṣù yẹn ni kí ẹ máa pààrọ̀ lójoojúmọ́, òun náà ni yóò sì máa sọ fún yín bóyá wọ́n ṣì kù.

Omi àti ọṣẹ lè má tó bí wọ́n bá ti pọ̀. Dókítà ẹranko tó mọ ìtọ́jú ejò lè fún yín ní fipronil, oògùn kan náà tí a fi ń pa eégbọn ara ajá. Orí aṣọ ni a ń fọ́n ọn sí, aṣọ náà ni a ó sì fi nu ara ejò. A kì í fọ́n ọn sí i lójú àti ẹnu. Iye ìgbà tí a ó ṣe é, dókítà ni yóò sọ. Ohun tí èmi lè sọ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ ka ìtọ́jú yìí sí èyí tó parí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, kódà bí ẹ kò bá rí nǹkan kan mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Bí inú ẹnu ejò bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá ń yọ ìfófòó lẹ́nu, tàbí tí ó rọ̀ jọwọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé kòkòrò yìí lè kó àrùn tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ran ejò.

Ọmọbìnrin yín ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti bù ú jẹ. Ó lè fa ara wíwú wẹ́wẹ́ tí ń yún, ṣùgbọ́n kò lè fi ara ènìyàn ṣe ilé. Kí ó fọ ọwọ́, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ó sì jìnnà sí ejò náà ní ìwọ̀nba àkókò yìí. Bí yíyún náà kò bá dẹ̀, ẹ fi hàn dókítà tiyín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ní kí n lo ọ̀tapiapia fún kòkòrò ara ejò mi méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi níhìn-ín sì ní abẹ́rẹ́ ivermectin ni kí n ra. Mo ní ìjàpá kan pẹ̀lú nínú yàrá kan náà. Èwo ni kí n ṣe? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín lórí èyí. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ọ̀tapiapia, ẹ̀dọ̀fóró ejò kò sì ní ibi tí yóò sá sí nínú àpótí tó kún fún èéfín rẹ̀. Oògùn yìí ń pa ènìyàn pàápàá. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títà á nínú ìgò kékeré 100ml. Ike olóògùn tí wọ́n ń fi kọ́ sínú yàrá ní Amẹ́ríkà láti pa eṣinṣin, dichlorvos kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ní.

Ivermectin yàtọ̀ sí èyí. Àwọn dókítà ń lò ó fún ejò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an, 0.2 mg fún kílò kan, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀ lórí oògùn tí wọ́n pò fún màlúù, ejò lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó má lè yí ara padà mọ́. Fún ìjàpá, ikú ni. Gbogbo ọgbọ́n tí ìjàpá ní nínú àlọ́ kò lè gbà á lọ́wọ́ ivermectin, nítorí náà ẹ gbé e kúrò nínú yàrá yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kí dókítà sì fúnra rẹ̀ gún ejò yín lábẹ́rẹ́ bí ó bá yẹ. Oògùn apakòkòrò kan tún wà, permethrin, tí a ń fọ́n sí àpótí tó ṣófo. Kí ó gbẹ pátápátá kí ejò tó padà síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò sún mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá fẹ́ májèlé rárá, wọ́n ń ta irú kòkòrò kan tí ń pa kòkòrò amùjẹ̀ yìí jẹ, Hypoaspis miles, tí kì í fi ọwọ́ kan ejò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kò lè lò ó pọ̀ mọ́ oògùn, nítorí pé oògùn náà yóò pa òun pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ ra òjòlá fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni mo lè wò kí n má bàa ra kòkòrò mọ́ ọn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Manchester.

ÌDÁHÙN: Abọ́ omi ni kí o kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ejò. Wo abọ́ ti àwọn ejò tó wà ní àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé kòkòrò yìí mọ ọ̀nà láti àpótí kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ni kí o fi tíṣù funfun fa ara ejò náà láti ọrùn dé ìrù. Bí o bá rà á, yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ó wà fún oṣù mẹ́ta bí ejò mìíràn bá wà nílé, èyí tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ni kí o sì máa kọ́kọ́ fún lóúnjẹ kí o tó fọwọ́ kan àlejò.