Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì lé: kí ló dé tí tèmi kò lé tó bẹ́ẹ̀?

Lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa tó wà ní Ìlú Ọba pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ngógó ọjà àti owó tí ìjọba ń san fún àgbàlagbà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Márùn-ún rèé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba fi 4.8% lé sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2026. Mo ṣírò tèmi, kò pé bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n yọ nínú owó mi ni? (Ìyá kan ní Peckham)

Ìdáhùn: Wọn kò yọ ọ́, mà. Ìlérí tí wọ́n ń pè ní triple lock ni ẹ gbọ́. Lọ́dọọdún, ìjọba á wo nǹkan mẹ́ta: bí owó iṣẹ́ ṣe lé láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, bí ọjà ṣe wọ́n sí i láàárín ọdún kan títí di oṣù kẹsàn-án, àti 2.5%. Èyí tó bá ga jù ni wọ́n á fi kún owó. Lọ́tẹ̀ yìí, owó iṣẹ́ ló borí pẹ̀lú 4.8%; ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 3.8%.

Ṣùgbọ́n owó ìpìlẹ̀ ètò àtijọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì tuntun nìkan ni ìlérí yẹn bò. Ẹni tó pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kó tó di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2016 wà lábẹ́ ètò àtijọ́, ó sì sábà máa ń ní àfikún tó dá lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní SERPS tàbí Additional State Pension. Ọ̀wọ́ngógó nìkan ni àfikún yìí ń tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ́ báyìí: owó ìpìlẹ̀ ètò àtijọ́ kúrò ní £176.45 lọ́sẹ̀, ó di £184.90. Bí àfikún yín bá jẹ́ £40, ó di £41.52. Àpapọ̀ kúrò ní £216.45, ó di £226.42. Ìyẹn jẹ́ 4.6%, kì í ṣe 4.8%. Bí àfikún bá ṣe tóbi tó ni ìdá yìí á ṣe máa wálẹ̀ tó. Lẹ́tà tí DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó náà, fi ránṣẹ́ to owó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú ṣírò.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ọjà bá ti wọ́n tán ni owó tó ń lé? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì gbà pé ẹnikẹ́ni bá òun san ìyà ọdún 2022. (Òǹkàwé kan ní Manchester)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọn ọ̀wọ́ngógó, oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni owó tuntun ń wọlé. Oṣù méje ló wà láàárín, ọjà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹsàn-án 2021, 3.1% ni. Ìjọba ti yọ ti owó iṣẹ́ kúrò nínú ìlérí mẹ́ta náà fún ọdún yẹn, nítorí náà 3.1% ni wọ́n fi kún un. Nígbà tí oṣù kẹrin 2022 fi máa dé, ọ̀wọ́ngógó ti di 9.0%, ó ga dé 11.1% ní oṣù kẹwàá. Owó ìfẹ̀yìntì tuntun tó pé kúrò ní £179.60, ó di £185.15. Ká ní iye tí ọjà fi wọ́n ní oṣù kẹrin yẹn gan-an ni wọ́n lò, ìbá sún mọ́ £195.76. Ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́wàá tó sọnù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba san owó ìrànwọ́ pàjáwìrì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, £300 fún àgbàlagbà àti £650 fún àwọn tó ń gba Pension Credit (àfikún fún àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kò tó) tàbí Universal Credit (ìrànwọ́ fún ẹni tí kò tíì dàgbà tó ìfẹ̀yìntì tí owó tó ń wọlé fún un kéré), ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìṣirò ọdún tó ń bọ̀.

Lóòótọ́, ìlékún 10.1% dé ní oṣù kẹrin 2023. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó sì ń wálẹ̀, àlàfo yẹn ṣiṣẹ́ fún wa: ní oṣù kẹrin 2024, owó ìfẹ̀yìntì fi 8.5% lé nígbà tí ọ̀wọ́ngógó ti jábọ́ sí 2.3%. Ẹni tó pa iná ìmóoru ilé rẹ̀ ní òtútù 2022 ti gba òtútù yẹn sára ná. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí wọ́n bá ní ọ̀wọ́ngógó wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọjà dínwó. Ọjà ṣì ń wọ́n sí i, eré tó ń sá ló dínkù.

Ìbéèrè: Universal Credit ni èmi ń gbà, mi ò tíì dàgbà tó owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní owó wa náà lé, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ àpò mi kò yí padà. (Òǹkàwé kan ní Tottenham)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé benefit cap, òpin iye ìrànwọ́ tí ìdílé kan lè gbà, ló dá yín dúró. Láti oṣù kẹrin 2023 ni òkè owó yẹn ti wà lójú kan: £25,323 lọ́dún fún ìdílé ní London, £22,020 níta London. Ohun tí wọ́n bá fi kún un lápá kan, cap á gé e lápá kejì. Iye tí wọ́n ń wò fún owó ilé aládàáni kò sì kúrò lójú kan láti 2024. Bí ẹ̀yin, ọkọ tàbí aya yín, tàbí ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún tó ń bá yín gbé bá ń gba PIP (owó ìrànwọ́ fún aláìlera) tàbí Carer’s Allowance (owó ẹni tó ń tọ́jú aláìlera), cap kò gbọdọ̀ kàn yín. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: £214 ni mò ń gbà lọ́sẹ̀, mo dá gbé, mo sì ní £13,200 ní ìpamọ́. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé Pension Credit kò lè tọ́ sí ẹni tó ní owó ní báńkì. (Bàbá kan ní Birmingham)

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ṣì í sọ, sà. £10,000 àkọ́kọ́, wọn kì í kà á. Lórí èyí tó kù, wọ́n á ka pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀ fún £500 kọ̀ọ̀kan, àti fún èyí tó bá ṣẹ́kù tí kò pé £500. £3,200 tiyín jẹ́ £7. Nítorí náà, £221 ni owó yín lójú wọn. Ìwọ̀n tó kéré jù fún ẹni tó dá gbé ní 2026 jẹ́ £238, fún tọkọtaya £363.25. Wọ́n á fi £17 kún tiyín lọ́sẹ̀, ó sì lè dín council tax (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà) àti owó ilé kù.

Ẹ ní nọ́ńbà National Insurance (owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba, tó ń mú owó ìfẹ̀yìntì wá), ti báńkì àti iye owó ìpamọ́ lọ́wọ́, kí ẹ pe 0800 99 1234. Ẹ sọ pé kí wọ́n ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn fún yín. Òfin fàyè gbà á bí ó bá ti tọ́ sí yín nígbà yẹn. Bí wọ́n ti kọ̀ fún yín lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ tún béèrè, nítorí ìwọ̀n náà ń ga sí i. Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya kò bá tíì pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, wọn kì í sábà fún wọn. Ẹni tí físà rẹ̀ bá ní “no recourse to public funds” (kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba) kò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì tó fi National Insurance tirẹ̀ wá kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ padà sílé, sí Abẹ́òkúta. Ṣé owó mi á máa lé níbẹ̀? (Ìyá kan ní Luton)

Ìdáhùn: Rárá, mà. Wọ́n á máa san án, ṣùgbọ́n iye tí ẹ bá gbé lọ ni yóò dúró lé. Ẹni tó lọ ní 2016 pẹ̀lú owó tuntun tó pé, £155.65 lọ́sẹ̀, £155.65 ló ṣì ń gbà, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró ní Luton ń gba £241.30. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní £4,450 lọ́dún. Ẹni tó lọ gbé ní Amẹ́ríkà, Jamaica tàbí orílẹ̀-èdè European Union ń rí ìlékún gbà, torí àdéhùn wà. Nàìjíríà, Gánà, Kánádà àti Ọsirélíà kò sí nínú rẹ̀. National Insurance kan náà ni gbogbo wọn san, ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni lójú tiwa. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù kọ̀ láti dá sí i ní 2010, nítorí náà ọwọ́ ìjọba nìkan ni àtúnṣe wà.

Bí ẹ bá wá kí àwọn ọmọ ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún International Pension Centre: iye ti òní ni wọ́n á san fún ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá lò níbẹ̀, yóò tún sọ̀kalẹ̀ bí ẹ bá padà. Pension Credit kì í bá èèyàn lọ. Bí ìrìn-àjò bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sábà máa ń dúró. Ẹni tó bá fi ìrìn-àjò pamọ́, gbèsè ló ń kó jọ. Bí ìwé tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ṣì wà láàyè bá dé, ẹ fọwọ́ sí i kíá, torí wọ́n máa ń dá owó dúró lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wo àkọsílẹ̀ National Insurance yín lórí GOV.UK. Ọdún márùndínlógójì ló ń mú owó tuntun pé. Ọdún kan tó kù díẹ̀ káàtó ń ná £956.80 láti dí ní 2026, ó sì lè fi £6.89 kún owó ọ̀sẹ̀ yín. Láàárín ọdún mẹ́ta, owó yẹn ti padà. Ẹ kọ́kọ́ bi Future Pension Centre bóyá ọdún tí ẹ fẹ́ san yóò fi nǹkan kún un lóòótọ́, nítorí àwọn ọdún kan wà ṣáájú 2016 tí kì í fi kọ́bọ̀ kún owó ẹni tó ti wà lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́.