Omi ìgbẹ́ ya wọlé, a ti gbọ́n ọn dànù: ṣé ọ̀dà ló kù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀, omíyalé sì wọ ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé. Kò pẹ́ sígbà náà ni omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde látinú ihò balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́. Ó dé agbedeméjì ojúgun wa kó tó fà. A ti gbọ́n ọn dànù, a ti fi omi àti apakòkòrò nu ilẹ̀, a sì ti sá kápẹ́ẹ̀tì àti tìmùtìmù àga sóòrùn. Síbẹ̀ òórùn kan kò kúrò, pàápàá láàárọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Onílé ní òun máa kun ilé lọ́sẹ̀ yìí, pé ọ̀dà tuntun á bo òórùn náà. Ìyá wa àgbà àti ọmọ ọwọ́ kan ló ń dúró láti padà wọlé. Ṣé ó ti tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú ewu, ẹ kú àdánù. Kò tíì tó. Ẹ bá mi bẹ onílé kó dá ọ̀dà dúró ná, kí ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ sì ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Omi ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí omi gbé wá ṣì wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, nínú tìmùtìmù, lábẹ́ táìsì àti nínú ògiri. Ibẹ̀ ni òórùn àárọ̀ yẹn ti ń wá. Ní gbogbo òru tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé fi wà ní títì, ọ̀rinrin ń jáde lára ògiri, kò sì ríbi gbà lọ. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà lé e, wọ́n ti ọ̀rinrin náà mọ́ inú ògiri nìyẹn, ọ̀dà fúnra rẹ̀ á sì wú, á máa bó.

Nínú iṣẹ́ wa, ìyẹn títún ilé tí omi ya wọ̀ ṣe, ìpele mẹ́ta la máa ń pín omi tó bá ya wọlé sí, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà S500 ti IICRC, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún irú iṣẹ́ yìí, ṣe là á sílẹ̀. Omi mímọ́ látinú páìpù tó bẹ́ ni ìkíní. Omi tí a ti lò, irú èyí tó jáde látinú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ni ìkejì. Ìkẹta ni omi ìgbẹ́, àti omíyalé tó ti ìta wọlé. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé omi òjò kò ṣẹ̀, pé ti ilé ìgbẹ́ nìkan ló burú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí omíyalé tó dé ẹnu ọ̀nà yín, ó ti gba ojú gọ́tà, ara àkìtàn, ẹ̀yìn ṣálàńgá àti ibi tí epo ọkọ̀ dà sí kọjá. Ká ní ilé ìgbẹ́ yín kò tiẹ̀ ru sókè rárá, ìpele kẹta náà la ó kà á sí.

Kí ló wà nínú omi náà? Bakitéríà bíi E. coli àti Salmonella wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru náà wà níbẹ̀, àti èyí tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis A. Kòkòrò leptospira máa ń ti inú ìtọ̀ eku bọ́ sómi, ó sì lè gba ojú ọgbẹ́ wọ ara ènìyàn. Ẹyin aràn náà ń bẹ, ìyẹn sì lágídí débi pé apakòkòrò kì í sábà ràn án: àfi ká fọ̀ ọ́ dànù. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa wà nínú omi kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fojú mọ èyí tó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò sí. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rákò á fọwọ́ pa ilẹ̀ yẹn, á sì ki ọwọ́ náà bọnu. Ìdí tí mo ṣe ní kó má tíì wọlé nìyẹn.

Ẹ ní ẹ ti fi apakòkòrò nu ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bílíìṣì, apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ máa ń lò, kì í ya kòkòrò àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrẹ̀. Gbogbo ohun tó lè jẹrà, ì báà ṣe ìgbẹ́, ọ̀rá tàbí ewé, ni oògùn inú rẹ̀ máa ń bá jà, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ sì máa ń tán sí. Ẹ dà á sórí ilẹ̀ tó ṣì ní ẹrẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan, ọkàn gbogbo yín á balẹ̀, nígbà tí kòkòrò tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ìdọ̀tí ni kó kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ṣọ́bìrì ha ẹrẹ̀, ẹ fi omi, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ wá fi omi mìíràn ṣàn án. Korobá méjì ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbé dání, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ìṣàn. Bí omi ìṣàn bá ti dúdú, ẹ dà á nù kí ẹ pọn òmíràn. Ẹni tó ń fi omi dúdú nulẹ̀ kàn ń kó ìdọ̀tí yàrá kan lọ sí yàrá kejì ni.

Ìgbà tí omi ìṣàn bá ń jáde ní mímọ́ ni kí ẹ tó gbé bílíìṣì. Ife kan, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 240, tó fún omi lítà 3.8. Ọjọ́ tí ẹ máa lò ó ni kí ẹ pò ó, torí pé èyí tí a ti là mọ́ omi tẹ́lẹ̀ kì í lágbára mọ́ tílẹ̀ bá fi mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi pa ojú ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù níbẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò. Ìṣẹ́jú 10 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó dà á sílẹ̀ tó sì nù ún lójú ẹsẹ̀ kàn fi ṣòfò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn kankan mìíràn. Bílíìṣì àti amóníà, tàbí bílíìṣì àti oògùn ìfọlé-ìgbẹ́ tó ní ásíìdì, gáàsì olóró ló ń jáde lára wọn, nínú yàrá tí kò sì gba afẹ́fẹ́, ó lè dá ènìyàn wólẹ̀.

Kápẹ́ẹ̀tì àti tìmùtìmù tí ẹ sá sóòrùn ńkọ́? Ẹ kó wọn dànù. Mo mọ̀ pé owó ni, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ lójú, ṣùgbọ́n oòrùn kò lè fọ inú fóòmù. Ohunkóhun tó bá ti mu omi yẹn bíi kànrìnkàn, tí búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé inú rẹ̀, kò tún ṣe é gbà là: mátírẹ́ẹ̀sì, ìrọ̀rí, ìwé, páálí, pátákó gypsum (èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe ògiri inú ilé tàbí àjà), àti pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yín. Bí etí rẹ̀ bá ti wú tó sì ń ya ní ìpele-ìpele, irú rẹ̀ nìyẹn. Táìsì, irin, gíláàsì àti ike líle á mọ́ tí ẹ bá fọ̀ wọ́n dáadáa. Igi gidi àti kọnkéré ṣe é fọ̀, àmọ́ wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbẹ, nígbà mìíràn a tún máa ń ní láti ha ojú wọn. Aṣọ á mọ́ tí ẹ bá fi omi gbígbóná, nǹkan bíi 60°C, àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Oúnjẹ tí omi kàn, àti orí fídà tàbí ohun tí ọmọ máa ń mu lẹ́nu, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àkìtàn ni. Kí ẹ tó kó ohunkóhun jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ya ìlà tí omi fà sára ògiri náà, torí pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ onílé.

Ọ̀rọ̀ ìlà yẹn tún kù. Agbedeméjì ojúgun lẹ rí i, ṣùgbọ́n omi ń gun inú ògiri. Búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì àti gypsum máa ń fà á sókè kọjá ibi tí ojú ti rí i. Bí ògiri yín bá jẹ́ ti pátákó gypsum, a máa ń gé e ní sẹ̀ńtímítà 30 sí 60 lókè ìlà náà, a ó sì kó ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ẹ ha ọ̀dà tó ti wú kúrò, kí ọ̀rinrin lè rí ọ̀nà jáde. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, ẹ tú u. Mi ò tíì tú u rí lẹ́yìn irú omi báyìí kí n má bá ẹrẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún fi ìdí ọ̀bẹ kan táìsì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́tí. Èyí tí ìró rẹ̀ bá yàtọ̀, tó dún bí ohun tó ṣófo, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣí i.

Láàárín wákàtí 24 sí 48 ni èbu ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ohun tó bá tutù, ọ̀sẹ̀ kan sì ti kọjá lọ́dọ̀ yín. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, igun yàrá àti abẹ́ àtẹ̀gùn bí ẹ bá rí ohun funfun, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé. Ẹ má tíì tan fáànù o. Bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹrẹ̀ gbígbẹ, ńṣe la ń tú ìdọ̀tí náà ká gbogbo ilé. Lẹ́yìn fífọ̀ ni fáànù tó wúlò. Àwa máa ń fi ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kún un, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ní àlẹ̀mọ́ HEPA, èyí tó ń mú ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀rún tó kéré tó 0.3 maikíróònù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ògiri ti gbẹ? Ọwọ́ kò lè sọ ọ́, imú náà kò lè sọ ọ́. Mítà ọ̀rinrin la máa ń lò: a ó kọ́kọ́ wọn ògiri tí omi kò dé nínú ilé náà, a ó sì máa wọn èyí tó tutù títí nọ́ńbà méjèèjì yóò fi sún mọ́ ara wọn. Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ gé ọ̀rá ike tó mọ́ gbangba, kó tó sẹ̀ńtímítà 45 níbùú àti lóròó, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kọnkéré. Lẹ́yìn wákàtí 16, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí omi bá sẹ̀ síbẹ̀, tàbí tí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ, kò tíì yá fún ọ̀dà tàbí kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ lè dán irú rẹ̀ wò lára ògiri náà. Ògiri búlọ́ọ̀kù lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún onílé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wọ bàtà rọ́bà gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò ìdáàbòbò ojú àti ìbòmú N95. Sókẹ́ẹ̀tì tí omi dé, kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tan iná padà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa lò, ìta ni kó wà, kó jìnnà tó mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, torí carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀, kì í rùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki orí bọ tánkì ìgbẹ́ láti wo ohun tó dí i. Gáàsì tó wà níbẹ̀ máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ ọ mọ́, ẹni náà á sì rò pé ó ti lọ.

Tánkì náà fúnra rẹ̀, ẹ má tíì pè wọ́n láti wá fà á nígbà tí ilẹ̀ àyíká ṣì kún fún omi. Tánkì òfìfo lè léfòó, tàbí kó sán. Kí ilẹ̀ fà ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi oníṣẹ́ páìpù léèrè nípa fáàfù tó ń jẹ́ kí omi ìgbẹ́ jáde nìkan tí kì í jẹ́ kó padà wọlé. Láìsí i, òjò ńlá mìíràn lè tún gbé ohun kan náà wá.

Bí ẹ bá máa gba oníṣẹ́, ẹ bi í ní ohun tó máa gé, ohun tó máa kó dànù, àti bó ṣe máa fi hàn yín pé ilé ti gbẹ. Ẹni tó bá ní òun kàn máa fín oògùn olóòórùn dídùn yí ilé ká láàárín wákàtí kan, kó máa lọ. Àwọn tó ti bá yín gbọ́n omi yẹn náà ńkọ́? Ẹni tó bá gé lára kó lọ béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ibà, orí fífọ́, ara ríro tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú ẹnikẹ́ni láàárín oṣù kan sí àsìkò yìí, kó lọ rí dókítà, kó sì kọ́kọ́ sọ fún un pé òun wọ omi ìgbẹ́, torí dókítà lè má ronú kan leptospira bí kò bá gbọ́ bẹ́ẹ̀.