Kí ni ìtumọ̀ "inaudible", báwo la sì ṣe ń lò ó?

Ohun tí etí kò lè gbọ́ ni "inaudible". Inú èdè Látìn ló ti wá: "audire" ni "gbọ́", "in-" tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ ọ́ di "kò ṣeé gbọ́". Ìbátan "audio" ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kà á sí "silent". Ohun tó bá jẹ́ "silent" kò dún rárá. Èyí tó jẹ́ "inaudible" lè máa dún, kó jẹ́ etí wa ni kò ká a. Ẹ wo àdán tó ń jẹ kòkòrò: bó ṣe ń fò lálẹ́ ló ń ké, gbohùngbohùn igbe náà ló sì fi ń mọ ibi tí kòkòrò wà. Síbẹ̀, a kì í sábà gbọ́ ọ, torí pé igbe náà ga ju nǹkan bí 20,000 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí etí ènìyàn mọ.

Àwọn tó ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ́kọ́ọ̀dù kọ sórí ìwé náà ń lò ó gan-an. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "inaudible" ni wọn yóò kọ sínú àkámọ́ níbẹ̀, wọn kò ní méfò. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àméfò lè ba ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Nínú gbólóhùn: "Her voice was almost inaudible", ìyẹn ni pé ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀ débi pé agbára káká la fi gbọ́ ọ.