Kí ló ń mú kí fíìmù sáyẹ́ǹsì tó ń da orí ẹni rú yẹ ní wíwò?

Òfin ayé inú fíìmù náà ni. Kí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa ní kùtùkùtù, kí wọ́n má sì dà á. Nínú Interstellar (2014), wákàtí kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ kìkì omi jẹ́ ọdún 7 láyé. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Kó tó padà sínú ọkọ̀ wọn, ọdún 23 ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Ibẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Kò dìgbà tówó bá pọ̀: nǹkan bíi $7,000 ni wọ́n fi ṣe Primer (2004).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ọ̀rẹ́ jọ wo fíìmù ní Bódìjà lópin ọ̀sẹ̀, ẹ mú èyí tí ìparí rẹ̀ á mú yín tún un wò.