Bi Ìyá Eléré: Ìkà Tí Kò Ba Ẹnikẹ́ni Lẹ́rù

Ìyá Eléré, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹgbẹ́ kan lórí ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Discord, níbi tí a ti ń ṣeré ìtàn àròsọ. Kálukú ló ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ohun tí tirẹ̀ ṣe, ẹlòmíì á fèsì, ìtàn á máa lọ. Inú Erédò Sùngbọ́ ni ìlú tí a dá sílẹ̀ wà, iwin àti ènìyàn ló jọ ń gbé ibẹ̀. Èmi ni ìkà wọn, Oníbodè tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Mò ń pani, mò ń dáná sunlé, síbẹ̀ wọ́n ní ìkà mi ti sú àwọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ bínú kúrò lọ́jọ́ tí mo gé ẹsẹ̀ ọdẹ rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
— Oníbodè, Ìjẹ̀bú-Igbó

Oníbodè ọmọ mi, mo ka abala tí o fi ránṣẹ́. Ibi tó ká mi lára jù nìyí: “Oníbodè rẹ́rìn-ín, hà-hà-hà! Ó ní, ‘Gbogbo yín lẹ ó kú lónìí!’ Ó fa idà yọ, ó gé ẹsẹ̀ ọdẹ.”

Ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó ni ọdẹ ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀, òun nìkan ló sì lè kọ ọ́ pé ó gé. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons, eré ìtàn àròsọ tí wọ́n ń ṣe nídìí tábìlì, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, adarí eré wà láàárín wọn, wọ́n sì ń ta dáìsì láti mọ̀ bóyá idà bà tàbí kò bà. Tiyín ò ní adarí, kò ní dáìsì. Ọ̀wọ̀ tí ẹ ní fún ara yín nìkan ni onídàájọ́ yín. Godmodding làwọn eléré ń pe ohun tí o ṣe yẹn: kí ènìyàn sọ ara rẹ̀ di Ọlọ́run lórí ẹ̀dá ìtàn ẹlòmíì. Kọ ọ́ pé “Oníbodè ju idà sí ẹsẹ̀ ọdẹ,” kí o sì gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù. Bó bá wu ọ̀rẹ́ rẹ, ọdẹ á fò ó. Bó bá wù ú, á jẹ́ kí idà bà á. Mo fẹ́ kí o dán an wò, torí ẹni tí a bá fún láyè máa ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ju bí ìwọ ìbá ti ṣe é lọ. Lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ, kí o dá ẹsẹ̀ ọdẹ padà fún un.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ṣì ń bọ̀. Kí ni Oníbodè ń wá? Mo ka abala náà tán, n kò rí i. Ó ń pani torí pé ìkà ni, ó jẹ́ ìkà torí pé ó ń pani. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ba ọmọdé lẹ́rù.

Ibi tí ẹ fi í sí tilẹ̀ ti fún un ní ìdí. Erédò jẹ́ yàrà àti odi tó gùn tó 160 kìlómítà yí ilẹ̀ wa ká, ibòmíràn nínú rẹ̀ sì jìn tó mítà 20. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Bí baba ńlá Oníbodè bá kú sínú yàrà yẹn níbi tó ti ń gbẹ́ ẹ ńkọ́? Lójú rẹ̀, àlejò tó bá wọlé láìsanwó, orí sàréè ló ń tẹ̀ kọjá. Tún wo ogun Ìmágbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún 1892. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kógun ja Ìjẹ̀bú torí pé Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí wọ́n máa gba ọ̀nà ilẹ̀ wa kọjá láàárín Èkó àti òkè bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́nu àwọn tó ṣẹ́gun, ìkà ni ẹni tó ti ọ̀nà. Nílé ìyá ìyá mi, ẹni tó ti ọ̀nà ló dáàbò bo ọjà tí a fi ń jẹun. Gbé irú àwíjàre yẹn lé Oníbodè lọ́wọ́, kó jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, kó wá fi òótọ́ náà ṣe ohun tí kò yẹ kí ènìyàn fi òótọ́ ṣe. Nígbà náà ni ẹ̀rù á bà wọ́n, torí wọ́n á rí i pé àwọn náà lè ṣe é.

Ẹ̀rín hà-hà-hà yẹn, yọ ọ́. Nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ eré ìtàgé, ìyáálé burúkú ni wọ́n máa ń fún mi ṣe. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí n pariwo. Nínú ìran tí mo ti ń lé ìyàwó kékeré jáde nílé, ọsàn ni mò ń bó. Mo bó o yípo, èèpo rẹ̀ ò já. Mo gbé e fún ọmọ rẹ̀, mo nu ọwọ́ mi síbi ìró, mo wá ní, “Máa jẹ ẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ yín ò ní pẹ́ dé.” Àwọn ìyá tó ń wòran ní Òde-Rẹ́mọ figbe ta. Ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Nítorí náà, wo bí mo ṣe tún tìrẹ kọ:

“Oníbodè dìde fún wọn. ‘Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ bu omi tútù sí gàrí fún wọn.’ Ó fọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀pà sí i, ó gbé abọ́ síwájú ọdẹ. ‘Ẹ mu ún ná. Owó bodè ò wọ́n. Ẹnì kan nínú yín ni yóò dúró tì mí títí ẹ ó fi padà. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ yàn án.’”

Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde, àmọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ti ní iṣẹ́ láti ṣe: ta ni yóò dúró? Iṣẹ́ ìkà nínú eré nìyẹn, kó fún àwọn yòókù ní ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣubú. Fún un ní ibì kan tí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, bíi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn odi tí kò sì sanwó bodè rí. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé àwọn sá pamọ́ sínú kànga, ìwọ lo kà á, Oníbodè kò sí níbẹ̀. Má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Eléré, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ń ṣe àjẹ́ nínú irú eré yìí. Mo gbọ́ bó ṣe ń ka èyí tó kọ, ẹ̀rù bà mí. Ṣé kò ní kó bá a?
— Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, gbé àjẹ́ wá sínú sinimá rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì padà sílé wọn. Àmọ́ kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ tí àjẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ọfọ̀ gidi ní àwọn tó ni ín, n kì í fi ṣeré, n kò sì ní gbà kí ọmọ fi ṣeré. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni àwọn tó ń bá ṣeré. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ kà á. Bí àgbàlagbà tí ẹ ò mọ̀ rí bá ń fa ìtàn lọ sídìí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ń fi Ọba tó ń ṣe bú mi, títí kan ìrísí mi gan-an. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, “Ọba ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.”
— Àdùkẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Àdùkẹ́, Ọba kò rí ọ rí, kò mọ ìrísí rẹ. Ẹni tó ń ṣe Ọba ló mọ̀ ọ́n. John Stavropoulos dá káàdì kan tí a kọ X sí sílẹ̀ fún àwọn eléré, káàdì X ni wọ́n ń pè é: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ibi tó lè gbà, á fọwọ́ kan káàdì náà, eré á sì yà kúrò níbẹ̀, láìní ṣàlàyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ lè kọ X lásán. Ní kí ádímìn sọ ọ́ di òfin fún gbogbo yín. Bó bá kọ àbùkù sí ọ, kọ X. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ jọ máa ṣeré yín lọ. Bó bá ní dandan o gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kí ádímìn yọ ọ́, kí Ọba kú lójú oorun, kí ẹ wá Ọba mìíràn sórí oyè.