Orúnkún Tó Wú Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìfaradà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Wuse, ní Àbújá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa sọ bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé di dandan kí ìrẹ́pọ̀ lè wà láàárín wa. Ẹnì kan tí wọ́n pè wá bá wa sọ̀rọ̀ fi Kanu Nwankwo ṣe àpẹẹrẹ, ó ní agbábọ́ọ̀lù tòótọ́ máa ń fara da ìrora, kí àwa náà yéé gba ìsinmi káàkiri. Orúnkún ọ̀tún mi ti wú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òògùn wo ni mo lè lò kí n lè gbá ti Sátidé yìí, kí wọ́n má baà pè mí ní ọ̀lẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbá a. N kì í kọ òògùn fún orúnkún tí n kò fọwọ́ kàn. Físíò ni mí, oníṣègùn iṣan àti oríkèé ara, irú yín sì ni mo máa ń rí ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

Kanu wo ni ẹni yẹn ń sọ? Lẹ́yìn àmì ẹ̀yẹ wúrà tí Nàìjíríà gbà nínú bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter Milan fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Kò fara dà á. Ó kúrò lórí pápá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sinmi títí ara rẹ̀ fi yá. Ìgbà náà ló tó padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Arsenal. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun jáde ni wọ́n wá sọ di alágídí fún yín.

Ẹ tún wo àṣekágbá ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní Rabat, ní oṣù Keje 2025. Morocco ti gbá méjì wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, padà wá, wọ́n fi mẹ́ta sí méjì gba ife wọn ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá. Ta ló gbá ẹ̀kẹta wọlé? Jennifer Echegini, tí wọ́n pè dìde lórí bẹ́ǹṣì. Bí ẹni tó ti rẹ̀ bá wonkoko mọ́ pápá nítorí kí wọ́n má baà pè é lọ́lẹ, ibo ni Echegini ì bá gbà wọlé?

Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ọ̀gá yín mú lára bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ta ló mọ iṣẹ́ yín débi tó lè bá yín dì í mú fún ọ̀sẹ̀ méjì? Bí akáùǹtáǹtì bá lọ bímọ tí owó oṣù ò jáde, bọ́ọ̀lù Sátidé ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà yín, àìsí arọ́pò ló fà á. (Kí n má tíì sọ ti ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó bọ́ nínú gosiló Nyanya, tó wá ń sáré lórí ilẹ̀ líle láìna ara rárá.)

Òògùn apàrora bíi tramadol tàbí abẹ́rẹ́ diclofenac lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kí ẹ tó wọ pápá: rárá o. Ìrora ló ń sọ ibi tó bàjẹ́. Bí ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́, ẹ ó máa fò lórí ohun tó ti ya. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ orúnkún náà. Ẹ sinmi ẹsẹ̀, ẹ gbé e lé ìrọ̀rí, ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù fún wíwú, ẹ lọ sí ọsibítù. Bí ó bá ń há, tí ó ń yẹ̀ lábẹ́ yín, tàbí tí ó gbóná pẹ̀lú ibà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, fàyè gba ìsinmi àìsàn olówó oṣù tó lè tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, bí ìwé dókítà bá wà. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló kàn, n kì í sì í ṣe lọ́yà, torí náà ẹ ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín dáadáa.

Bí ọ̀gá bá bínú ní Sátidé, ẹ ní físíò ló kọ̀.