Mo Ti Padà Sí Ìjọ Àgùdà, Kí Ló Wá Kàn?

Ìwé tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mẹ́ta ni mo mú nínú ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wọn fẹ́ jọra, àwọn tó kúrò nínú Ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ti padà wá tàbí tí wọ́n fẹ́ padà ló kọ wọ́n. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Badagry ni mò ń gbé, ẹja yíyan àti àgbọn ni mò ń tà. Inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì mí bọmi, mo gba Kòmúníọ̀n, mo gba Kọfimésọ̀n, iwájú Fádà náà lèmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó. Nígbà tí ọmọ ò tètè dé, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí ọmọ mẹ́ta fi dé. Ìgbà tí màmá mi kú lọ́dún tó kọjá tí wọ́n ń ṣe Mísà ìsìnkú wọn, mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí, omi kàn ń bọ́ lójú mi ni, mo sì padà. Mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, inú mi dùn bíi kí n fò. Àmọ́ báyìí ó ti yàtọ̀. Mo máa wà ní Mísà, iye ẹja tó kù nílé ni mo máa máa rò. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń bọ̀, a máa ń kígbe àdúrà, a máa ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, èèyàn á mọ̀ lára ẹ̀ pé òun gbàdúrà. Mo ti wọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, mo ń ka nóféènà mẹ́rin, àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án yẹn, lẹ́ẹ̀kan náà lórí fóònù, ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Ọkọ mi ò bá mi lọ, ó ní kí n ṣáà fi òun sílẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń jinlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ yìí gan-an? Ìyá Oníẹja.

ÌDÁHÙN: Ìyá Oníẹja, ẹ kú àbọ̀ sílé o, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọkàn tó gbẹ yẹn, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Kò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ń bínú tàbí pé ẹ ṣìnà. Ìyá Teresa ti Calcutta tí gbogbo ayé mọ̀, 1997 ló kú, ìgbà tí wọ́n wá tẹ àwọn lẹ́tà ẹ̀ jáde ní 2007 ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọdún gbọọrọ ni obìnrin yìí fi ń gbàdúrà tí òkùnkùn bo ọkàn ẹ̀ tí kò gbúròó Ọlọ́run rárá, síbẹ̀ kò pa Mísà tì, kò sì fi àwọn tó ń kú lọ lójú títì sílẹ̀. Ẹni mímọ́ lonítọ̀hún báyìí, láti 2016. Kí ara gbóná dáa, mi ò bú u. Tó bá jẹ́ àárò àtẹ́wọ́ àti orin ló ń sọ yín, àwọn Kárísímátíìkì wà nínú Ìjọ wa níbí náà, láti 1967 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ lè lọ máa bá wọn gbàdúrà, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ẹ má ṣáà fi bí ara ṣe gbóná sí wọn ìgbàgbọ́ yín.

Ẹ̀yin lẹ máa mọ èyí jù mí lọ: ẹja tí wọ́n bá koná mọ́ jù, ara ẹ̀ á ti jó kí inú ẹ̀ tó jinná. Nóféènà mẹ́rin, ẹgbẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ ọjà, ọmọ mẹ́ta, ìgbà wo ni ẹ fẹ́ mí? Ẹ fi nóféènà mẹ́ta sílẹ̀ lónìí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tá a ti rí nóféènà fúnra ẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́sàn-án tí àwọn àpọ́sítélì àti Màríà fi wà pa pọ̀ lẹ́yìn tí Jésù gòkè re ọ̀run títí Ẹ̀mí Mímọ́ fi dé, wọ́n jókòó wọ́n ń retí ni, kò sẹ́ni tó ń sáré nínú wọn. Ẹgbẹ́ náà, ẹ mú ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ èmi ni, Ẹgbẹ́ Vincent de Paul ni mo máa sọ pé kí ẹ wọ̀, àwọn tí Frédéric Ozanam àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833, torí wọ́n máa ń lọ sílé àwọn aláìní ni, ẹ máa gbé nǹkan lọ́wọ́, ẹ máa jókòó tì wọ́n, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ìgbàgbọ́ tó bá ti ń rìn báyẹn kì í tètè gbẹ. Èrò tèmi nìyẹn o, tó bá jẹ́ Légíọ̀nù Màríà lọkàn yín wà, ẹ dúró síbẹ̀.

Ó wá ku Mísà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi gbogbo ara sí, torí kò sí àdúrà kankan tá a ní tó ju Mísà lọ, àwọn yòókù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu omi. Ọ̀pọ̀ wa máa ń dé Mísà lójijì, a ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà, kí ọkàn tó balẹ̀ wọ́n ti ka ẹ̀kọ́ kìíní tán. Nígbà tí ẹ bá ń yan ẹja lálẹ́ Sátidé, ẹ ní kí ọmọ yín àgbà ka àwọn ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè fún yín létí ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń yí àwọn ẹ̀kọ́ yẹn, ọdún kan ti Mátíù, ọdún kan ti Máàkù, ọdún kan ti Lúùkù, Jòhánù sì máa ń wọlé nígbà Lẹ́ńtì àti Àjíǹde, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e dáadáa á ti gba púpọ̀ nínú Ìhìnrere kọjá láì mọ̀. Kí ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo tó dúró sí yín lọ́kàn, kí ẹ gbé e lọ sí Mísà.

Ti ẹja tí ẹ máa ń rò ní Mísà, mi ò ní sọ pé kí ẹ máa bá a jà. Ìgbà ọrẹ, tí Fádà bá gbé búrẹ́dì sókè, ó máa ń yin Ọlọ́run fún un pé èso ilẹ̀ ni àti iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ náà lórí wáìnì. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́ lẹja yẹn ni? Ẹ gbé e síbẹ̀. Ẹ sọ nínú yín pé Olúwa, ẹja tó kù nílé rèé, gbèsè oníyìnyín rèé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ rèé, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lé pẹpẹ pẹ̀lú búrẹ́dì yẹn, torí búrẹ́dì yẹn náà ló ń bọ̀ wá di Ara Kristi tí wọ́n máa gbé fún yín. Tí ẹ bá sì ti gbà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tá a gba Olúwa tán tá a tún ń sáré lọ wá ọ̀kadà kí wọ́n tó kọ orin ìparí. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ má wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan sọ. Tó bá sì jẹ́ pé Mísà Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń lọ tí kò wọ̀ yín lára, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe ti Yorùbá tàbí ti Ègùn, aago wo ni, kí ẹ máa lọ síyẹn.

Ìjẹ́wọ́ ńkọ́? Òfin Ìjọ ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lọ́rùn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ ò ní dúró dọdún. Oṣooṣù dáa. Kí ẹ tó sùn lálẹ́, ẹ yẹ ọjọ́ yẹn wò, níbo ni Ọlọ́run ti ṣe mí lóore, níbo ni mo ti pa ẹnì kan lára, ṣé mo fi ẹja àná pè ní ti òní fún oníbàárà, ṣé mo sọ̀rọ̀ aládùúgbò mi láìdáa níbi tá a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ni Ignatius ti Loyola, ẹni mímọ́ tó dá ẹgbẹ́ àwọn fádà Jésúìtì sílẹ̀, ṣe kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, kò gba àkókò, ìjẹ́wọ́ oṣù yẹn á sì rọrùn torí ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Rósárì, ẹ̀wá kan lójúmọ́, ìyẹn Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá, ti tó fún yín báyìí, ẹ lè gbà á nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ayé Jésù àti Màríà tá a máa ń ronú lé lórí níbẹ̀, Ajé àti Sátidé ni ti Ayọ̀, Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ni ti Ìbànújẹ́, Ọjọ́rú àti Sọ́ńdè ni ti Ògo, Ọjọ́bọ̀ ni ti Ìmọ́lẹ̀ tí Póòpù John Paul Kejì fi kún un ní 2002. Ẹ má rò pé ẹ̀wá kan kéré o. Kí àwọn fádà SMA, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tó ń wàásù ní Áfíríkà, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, kí wọ́n tó dá oko àgbọn sí Tòpó lọ́hùn-ún lẹ́bàá yín ní 1876, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti wà ní Èkó tí wọn ò ní fádà. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ẹrú tó gba òmìnira ni, òun ló ń kó wọn jọ, tó ń bá wọn gbàdúrà, tó ń tọ́jú ìgbàgbọ́ wọn. Kò sí Mísà Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìjẹ́wọ́, àdúrà díẹ̀ tí wọ́n há sórí ni, wọ́n ń gbà á lọ́jọ́ dé ọjọ́, ìgbà tí àwọn fádà dé wọ́n bá Ìjọ nílẹ̀.

Ti ọkọ yín, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wí. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà fún un. Ẹni mímọ́ Monica, ìyá Augustine tóun náà di ẹni mímọ́, ọkọ tiẹ̀ Patricius kì í ṣe Kristẹni, ó tún máa ń bínú fùfù, obìnrin yẹn ò bá a jiyàn, ìwà ẹ̀ nínú ilé ni ọkùnrin yẹn ń wò títí òun náà fi gba ìrìbọmi kó tó kú. Augustine ọmọ wọn tún pẹ́ ju bàbá ẹ̀ lọ, Àjíǹde 387 ni Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, ṣẹ̀ṣẹ̀ rì í bọmi níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá ẹ̀ ti fi sunkún lórí ẹ̀. Kí ọkọ yín máa rí i pé láti ìgbà tí ẹ ti padà sílé Ọlọ́run, ẹ ti túbọ̀ ní sùúrù pẹ̀lú òun.

Ẹ má sì máa sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti wá láìdáa. Àwọn náà nífẹ̀ẹ́ Jésù, Ìjọ wa fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé, ní 1964 pé arákùnrin wa ni wọ́n. Bíbélì tí ẹ mọ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti mọ púpọ̀ nínú ẹ̀? Ẹ máa kà á lọ, kí ẹ kàn wá èyí tó ní ìwé 73, kí Tóbítì àti Sírákì má fò yín.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n rì mí bọmi ní Kátólíìkì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìgbà tí mo dàgbà ṣọ́ọ̀ṣì míì tún rì mí sínú ọ̀sà. Mo fẹ́ padà wá, ṣé wọ́n máa tún ṣe ìrìbọmi fún mi? Ẹ̀rù ń bà mí pé Fádà máa bínú, ó ti lé lógún ọdún. Ọmọ Àjárá.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń ṣe ìrìbọmi, ti àkọ́kọ́ yẹn ò parẹ́, kò sí ibi tí ẹ lọ tó lè pa á rẹ́. Ìjẹ́wọ́ lẹ nílò. Ẹ kàn wọlé kí ẹ sọ pé Fádà, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti jẹ́wọ́ kẹ́yìn, mi ò sì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́, òun fúnra ẹ̀ á máa bi yín léèrè dẹ́ẹ̀dẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, kódà tí wọ́n bá fẹ́ pa á. Bínú kẹ̀? Inú àlùfáà máa ń dùn sí irú yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró sórí ìjẹ́wọ́ o, ẹ lọ bá kátíkíìsì pàríṣì yín, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Ìjọ, pé ẹ fẹ́ máa jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà, torí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ yín lọ́mọdé ò lè gbé àgbàlagbà. Kátíkísìmù ńlá, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ tí wọ́n gbé jáde ní 1992, wà, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pọ̀, ìpínrọ̀ 2,865 ló ní, díẹ̀ díẹ̀ ni ká máa kà á, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹrin tó dá lórí àdúrà, ibẹ̀ ló rọ èèyàn lọ́rùn jù lójú tèmi.

ÌBÉÈRÈ: Kátólíìkì ni mí, Mùsùlùmí lọkọ mi, Ẹ̀pẹ́ la wà. Ìdána la ṣe, a sì lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo ti padà sí Mísà báyìí, ṣé mo lè gba Kòmúníọ̀n? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà á, ìyá, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó sílé. Ẹ máa lọ Mísà, ẹ máa gbàdúrà, ẹ máa sọ fún Jésù níbi tí ẹ jókòó sí pé kó wọ inú ọkàn yín, kí ẹ sì tètè lọ rí Fádà. Ìdána àti kọ́ọ̀tù nìkan ò tíì tó fún Kátólíìkì lójú òfin Ìjọ, àmọ́ ó ṣeé tún ṣe. Tí ọkọ yín ò bá ti ní ìyàwó míì, Fádà máa bá yín kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù fún àyè láti fẹ́ ẹni tí kò gba ìrìbọmi, lẹ́yìn náà ẹ̀yin méjèèjì máa sọ ẹ̀jẹ́ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, kì í ṣe páàtì rárá. Wọn ò ní ní kí ọkọ yín di Kátólíìkì. Ẹ̀yin lẹ máa ṣèlérí pé ẹ ò ní fi ìgbàgbọ́ yín sílẹ̀, pé ẹ máa sa gbogbo ipá yín láti tọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí òun náà mọ̀ pé ẹ ṣe ìlérí yẹn. Tó bá wá kọ̀ pé òun ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì láéláé, ọ̀nà kan ṣì wà tí bíṣọ́ọ̀bù lè gbà tún ìgbéyàwó náà ṣe láìjẹ́ pé ó wá síwájú àlùfáà, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ṣì fẹ́ra yín. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ Fádà tààrà, ẹ má tijú. Ìwé ìrìbọmi tuntun láti pàríṣì tí wọ́n ti rì yín bọmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ gbà, àti ìwé kọ́ọ̀tù, kí ẹ kó méjèèjì dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.